Àwọn Tó Jà Lẹ́yìn Ọ̀tá: Àwọn Ọmọ Ogun Àkànṣe Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nígbà Ogun Hítílà

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun fẹ̀yìn tì tí mo ń rí níwájú níbẹ̀ yẹn, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àfarabalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun níwájú ológun, àfi kó kọ́kọ́ júbà. Mo júbà ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìró ìbọn rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni kí n sọ ìtàn àwọn ọmọ ogun àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ipa tí wọ́n kó lójú ogun. Ogun wo? Ogun Àgbáyé Kejì ni mo máa dúró lé lórí, 1939 sí 1945, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà, nítorí inú ogun yẹn ni irú ọmọ ogun yìí ti gbérí.

Tí a bá ní "ọmọ ogun àkànṣe", kí ló ń wá sí yín lọ́kàn? Mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó kun ojú dúdú, tó so bọ́ǹbù mọ́ àyà, tó dá wọ àárín ọ̀tá, tó pa ogún ènìyàn, tó sì jáde láìfarapa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí. Akíkanjú wà, mo máa dárúkọ díẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú àwọn ikọ̀ wọ̀nyí tó yè láìjẹ́ pé ẹlòmíràn bá wọn ṣọ́nà, bá wọn rẹrù, tàbí gbà wọ́n sílé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ẹlòmíràn yẹn ni mo tìtorí wọn gba iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn bàbá wa wà nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀

Ní oṣù kẹfà 1940, ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jámánì ti ṣẹ́gun Faransé. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sá kúrò ní Dunkirk, wọ́n fi lọ́rì, wọ́n fi ìbọn ńlá sílẹ̀ sí etí òkun. Winston Churchill kò tíì lo oṣù méjì lórí àga olórí ìjọba. Kí ni kó ṣe? Kò ní ọmọ ogun tó lè kọjú Jámánì ní gbangba, kò sì fẹ́ káwọ́ gbera. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tó yááyì jọ, kí wọ́n máa fi òru kọjá òkun lọ ṣe ọ̀tá ní ṣùtá, kí wọ́n sì máa padà. Bí Kòmándò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, a ní àwọn Ẹ̀ṣọ́, 70 akọni tí Aláàfin gbójú lé. Kí ni àwọn àgbà ń sọ nípa wọn? Wọ́n ní Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni Ẹ̀ṣọ́ ti ń gbọgbẹ́. Bí Ẹ̀ṣọ́ bá jà, kó ṣẹ́gun, tàbí kó kú sójú ogun. Òfin àwọn tí mo ń sọ yìí yàtọ̀ pátápátá. Tiwọn ni pé kí o dé lóru, kí o ṣe ohun tí wọ́n rán ọ, kí o sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Fún wọn, sísá kì í ṣe ìtìjú rárá. Ẹni tó bá dúró jà di ojúmọmọ ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àyè sísá máa ń wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta 1942, wọ́n kó ohun abúgbàmù sínú ògbólógbòó ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Campbeltown, wọ́n sì fi sáré kọlu ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní St Nazaire ní ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin 611 ló lọ. 169 kú, wọ́n sì mú ju 200 lọ. Ọkọ̀ náà bú gbàmù lówùúrọ̀ nígbà tí àwọn ará Jámánì ti gun orí rẹ̀ tí wọ́n ń wò ó. Ibẹ̀ kò ṣeé lò mọ́ títí ogun fi parí. Iṣẹ́ náà yọrí, àmọ́ ẹ wo iye ẹ̀mí tó bá a lọ.

Aṣálẹ̀: àwọn awakọ̀ àti àwọn afọ́bàálù

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí aṣálẹ̀ Íjíbítì àti Líbíà. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ibẹ̀, orúkọ SAS (Special Air Service) ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè, àti orúkọ David Stirling tó dá a sílẹ̀. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ralph Bagnold ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ta ni Bagnold? Sójà ni, ó sì tún jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn yanrìn. Kí ogun tó dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wa ọkọ̀ wọ inú aṣálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkọ̀ wọ̀ rí. Àìrìn pọ̀ ní í jẹ ọmọ ejò níyà. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n jọ ń rìn ni, wọ́n sì fi kọ́gbọ́n. Nígbà tí ogun dé, ní àárín ọdún 1940, ó lọ bá ọ̀gágun àgbà tó wà ní Cairo, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa gba àárín yanrìn kọjá lọ sí ẹ̀yìn ọ̀tá. Ikọ̀ yẹn ni Long Range Desert Group, LRDG. Ọmọ New Zealand ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ mú, àgbẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn, ẹni tó mọ ọkọ̀ tún ṣe, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fara da ilẹ̀ tí kò sí ènìyàn.

Kí ni ọgbọ́n tí Bagnold mú wá? Ẹ gbọ́ èyí. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá hó nínú aṣálẹ̀, omi yẹn ti gbẹ nìyẹn, omi sì ni ẹ̀mí níbẹ̀. Ó so páìpù kan láti ibi tí ooru omi ti ń jáde, ó tì í bọ agolo omi kan tó wà lára ọkọ̀. Ooru náà yóò di omi padà nínú agolo. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì tutù, yóò fa omi rẹ̀ mu padà, kò ní sófo. Kọ́ńpáàsì ńkọ́? Irin ọkọ̀ máa ń tàn án jẹ. Nítorí náà, ó gbé àwo kan tí wọ́n ti sàmì sí síwájú awakọ̀, ó ki ọ̀pá tín-ín-rín kan sí àárín rẹ̀. Òjìji ọ̀pá yẹn lábẹ́ oòrùn ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Kò sí ariwo níbẹ̀, kò sí ìbọn. Ìyẹn gan-an ló mú kí wọ́n lè rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lẹ́yìn ọ̀tá, kí wọ́n sì padà.

Iṣẹ́ tí mo ka sí ńlá jù nínú iṣẹ́ wọn kò ní ìbọn nínú rárá. Láti oṣù kẹta títí wọ oṣù keje 1942, wọ́n ń ṣọ́ títì kan ṣoṣo tó wà létí òkun ní Líbíà, títì tí Rommel, ọ̀gágun Jámánì, ń gbà kó ẹrù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin méjì á rìn lọ dùbúlẹ̀ sí tòsí títì, wọ́n á bo ara wọn. Wọn ò gbọdọ̀ dìde. Wọn ò gbọdọ̀ mira, pẹ̀lú eṣinṣin, pẹ̀lú oòrùn, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ìwé kékeré wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Lọ́rì mélòó ló kọjá? Ọkọ̀ ogun onírin mélòó? Kí ló kó? Ìhà wo ló dorí kọ? Bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́ nìyẹn, tọ̀sán tòru. Rédíò á sì gbé e dé Cairo. Àwọn tó wà ní Cairo mọ agbára Rommel láti inú ìwé àwọn tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ó wá kan Stirling. Ní oṣù keje 1941, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga yìí gba àyè láti kó nǹkan bí 60 ọkùnrin jọ sí Kabrit ní Íjíbítì. Wọ́n fún wọn ní orúkọ ńlá kan, Special Air Service, kí ọ̀tá lè rò pé ogunlọ́gọ̀ ni wọ́n. Èrò Stirling kò le: bàálù tó bá wà ní ilẹ̀, tí ẹ̀ṣọ́ díẹ̀ ń ṣọ́, ó rọrùn láti bà jẹ́ ju èyí tó wà lókè lọ. Ènìyàn márùn-ún tó fi yọ́ọ́yọ́ọ́ wọlé lóru lè fọ́ bàálù tí ogun bàálù ò lè já lulẹ̀.

Èrò dára, ṣùgbọ́n báwo ni ìgbà àkọ́kọ́ ṣe rí? Àjálù ni. Ní oṣù kọkànlá 1941, wọ́n fi páráṣúùtù jù wọ́n sínú ìjì. Afẹ́fẹ́ wọ́ wọn lórí òkúta, ohun ìjà wọn sọnù, òjò ba bọ́ǹbù wọn jẹ́. Nínú àádọ́ta ó lé díẹ̀ tó lọ, àwọn tó padà kò tó ìdajì. Wọn kò fọ́ bàálù kankan.

Ta ló gbé ìwọ̀nba tó kù padà? Àwọn awakọ̀ Bagnold. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ọmọ Stirling bi ara wọn pé: bí àwọn wọ̀nyí bá lè gbé wa padà, ṣé wọn ò lè gbé wa lọ ni? Wọ́n pa páráṣúùtù tì, wọ́n wọ lọ́rì LRDG. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà, Paddy Mayne, ọmọ Ireland tó jẹ́ gbajúmọ̀ eléré rúgbì, wọ pápá bàálù kan tó ń jẹ́ Tamet lóru, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ba bàálù tó lé ní 20 jẹ́. Bọ́ǹbù kékeré tí Jock Lewes, ẹlẹgbẹ́ Stirling, pò fún wọn ni wọ́n lò, àdàpọ̀ ohun abúgbàmù, èròjà iná àti epo ẹ́ńjìnnì, kò wúwo ju ìdajì kílò lọ. Wọ́n ní nígbà tí bọ́ǹbù tán, Mayne fi ọwọ́ lásán já pátákó aago inú bàálù kan jáde.

Ẹ ti rí i? Lewes kò ní orúkọ tó Stirling, kò sì pẹ́ láyé; ìparí ọdún 1941 ni bàálù ọ̀tá yìnbọn pa á. Àwọn awakọ̀ LRDG kò ní orúkọ tó SAS. Bẹ́ẹ̀, láìsí wọn, ìtàn SAS ì bá ti parí sínú ìjì oṣù kọkànlá yẹn. Nígbà tó yá, wọ́n ní jíìpù tiwọn. Ní oṣù keje 1942, jíìpù 18 tò wọ pápá bàálù Sidi Haneish, gbogbo wọn ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òṣùpá. Stirling fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní oṣù kìn-ín-ní 1943.

Ìyà tí àwọn ará abúlé jẹ

Mo ní láti sọ èyí, kò sì dùn mọ́ mi láti sọ ọ́. Nígbà tí Hítílà rí i pé àwọn Kòmándò ń yọ òun lẹ́nu, ó pàṣẹ ní oṣù kẹwàá 1942 pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú nínú wọn, kí wọ́n pa á, ìbáà wọ aṣọ sójà, ìbáà ti ju ìbọn sílẹ̀. Àṣẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù keje 1944, wọ́n yìnbọn pa nǹkan bí 30 ọmọ SAS tí wọ́n mú ní apá Poitiers ní ilẹ̀ Faransé, nínú igbó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sójà mọ̀ pé òun lè kú. Ará abúlé ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ikọ̀ SAS mìíràn wà ní àwọn òkè Vosges, ní ilẹ̀ Faransé bákan náà. Abúlé kan wà níbẹ̀, Moussey. Àwọn ará Moussey fún wọn lóúnjẹ, wọ́n fi wọ́n pamọ́. Àwọn ará Jámánì kó gbogbo wọn jáde, wọ́n ní kí wọ́n sọ ibi tí àwọn sójà náà wà. Kò sẹ́ni tó sọ. Wọ́n kó 210 nínú wọn lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. 140 kò padà wálé mọ́. Ẹ bá mi rò ó. Ìyá kan tó fi búrẹ́dì fún àlejò, ọkọ rẹ̀ lọ, ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí kò la ẹnu. Tí ẹnikẹ́ni bá ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ́ ọmọ ogun àkànṣe sára òkúta, kó wá àyè sílẹ̀ fún àwọn ará Moussey.

Bọ́má: ibi tí àwọn bàbá wa wọ ìtàn

Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ jù la dé yìí.

Ọ̀gágun kan wà tó ń jẹ́ Orde Wingate. Òun ló wà nínú àwọn tó ṣáájú ogun tó mú Haile Selassie padà sí Addis Ababa ní 1941. Wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà, nítorí Jàpáànù ti gba Bọ́má, tó ń jẹ́ Myanmar lónìí, lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun yóò kó ọmọ ogun wọ ẹ̀yìn Jàpáànù, bàálù ni yóò sì máa ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Wọ́n ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Chindit. Ní oṣù kejì 1943, ó kó nǹkan bí 3,000 wọ inú igbó. Nǹkan bí 2,200 ló padà. Aláàárẹ̀ àti ẹni tó gbọgbẹ́ tí kò lè rìn, inú igbó ni wọ́n fi í sí, pẹ̀lú ìbọn àti omi díẹ̀. Kí ni èrè rẹ̀? Ojú irin tí wọ́n bà jẹ́, Jàpáànù tún un ṣe. Ní tèmi, èrè náà kéré sí ẹ̀mí tó bọ́ síbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà ni pé ó fi hàn pé bàálù lè bọ́ ogun nínú igbó kìjikìji.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Ogun 1944 tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, Special Force ni wọ́n sì ń pè é lórí ìwé. Wọ́n wá ọmọ ogun tí yóò kún un. Nínú ìpín 81, ẹgbẹ́ ńlá ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà ní 1943, wọ́n yọ brìgéèdì kẹta. Àwọn wo ló wà nínú rẹ̀? Bàtálíọ́nù mẹ́ta ti Nàìjíríà: ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá. Hausa àti àwọn ará òkè ọya ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ ẹ̀yà mìíràn sì wà láàárín wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá gbọ́ "ọmọ ogun àkànṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì", ẹ má fi ojú aláwọ̀ funfun nìkan rò ó. Chindit ni àwọn ọmọ Nàìjíríà yìí, wọn kì í ṣe alárùú lẹ́yìn Chindit.

Ní alẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kẹta 1944, àwọn bàálù aláìní ẹ́ńjìnnì gbéra ní Íńdíà, bàálù ńlá ń fi okùn fà wọ́n, àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń wà wọ́n. Ibi méjì ni wọ́n fẹ́ balẹ̀ sí lálẹ́ yẹn. Kí wọ́n tó gbéra, fọ́tò kan dé látòkè: ẹnì kan ti to ìtì igi sórí ilẹ̀ kan nínú méjèèjì. Ṣé ọ̀tá ti gbọ́ ni? Wọ́n jókòó lé e, wọ́n ní kí gbogbo wọn kọrí sí ìkejì, tí wọ́n ń pè ní Broadway. Okùn já, bàálù kọlu ara wọn nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ kú. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n sì tẹ́ ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo débi pé bàálù ńlá lè balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti kó nǹkan bí 9,000 ènìyàn àti ẹranko tó lé ní 1,000 sí àárín ilẹ̀ tí Jàpáànù dì mú.

Ẹranko wo? Ìbaaka. Ìbaaka ló ru rédíò, ìbọn ńlá àti ọta. Ṣùgbọ́n ìbaaka a máa ké, igbe rẹ̀ á sì tú àṣírí. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Àwọn dókítà ẹranko gé ohùn lọ́fun wọn kí wọ́n tó kúrò ní Íńdíà. Ẹranko tó ru ẹrù gun òkè láìlè ké, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni sójà tó ru kílò tó lé ní 30 ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe la igbó.

Láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wọlé. Bàtálíọ́nù ìkẹfà lọ ṣọ́ àgọ́ tí wọ́n ń pè ní Aberdeen. Ìkejìlá àti ìkeje lọ sí White City, lẹ́bàá ìlú Mawlu, níbi tí Mike Calvert, ọ̀gá brìgéèdì Chindit kan, ti dí ojú irin tí Jàpáànù fi ń kó oúnjẹ lọ sí àríwá. Páráṣúùtù funfun tó há sórí igi yí àgọ́ náà ká ló fún un lórúkọ yẹn. Ní oṣù kẹrin, Jàpáànù ń kọlu White City ní òròòru. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọta ìbọn ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sáré wá bá waya ẹlẹ́gùn-ún. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òkú á há sórí waya, òórùn á sì gba gbogbo òkè náà kan. Ìkejìlá wà nínú waya, wọn kò yẹsẹ̀. Ìkeje wà lára àwọn tí Calvert kó jáde láti kọlu Jàpáànù láti ẹ̀yìn. White City kò ṣubú. Àwọn tó ni ín ló fi í sílẹ̀ fúnra wọn ní oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ sí àríwá.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣì wọ́n lò. Wingate ti kú, bàálù rẹ̀ já ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta. Ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Stilwell, ni wọ́n wá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ gba ìlú. Abẹ mú, ṣùgbọ́n bí o bá fi la igi, igi kò ní là, abẹ ni yóò ṣẹ́. Àwọn tí kò ní ọkọ̀ ogun onírin, tí kò ní ìbọn ńlá, tí ibà àti òjò ti jẹ tán, wọ́n ní kí wọ́n dojú kọ ìlú tí ọ̀tá ti gbẹ́ kòtò sí. Brìgéèdì Calvert àti àwọn ará Ṣáínà gba Mogaung ní ìparí oṣù kẹfà. Wọ́n gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì àwọn tó kù nínú brìgéèdì náà ló kú tàbí gbọgbẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ brìgéèdì mìíràn wò ní oṣù keje, nínú nǹkan bí 2,200 ènìyàn, 118 péré ni ara rẹ̀ le tó láti jà. Mo ń tún un sọ: 118. Ẹni tó pàṣẹ yẹn kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn aláàárẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni wọ́n gbé gba inú ẹrẹ̀ àti òkè dé adágún Indawgyi, bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi sì wá ń kó wọn lọ sí Íńdíà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ṣọ́ ọ̀nà orí òkè tí wọ́n gbà kọjá, kí Jàpáànù má baà rí wọn bá. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ Chindit ti kúrò, àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣì wà níwájú, wọ́n ń jà ní òkè kan tí wọ́n ń pè ní Hill 60. Àwọn Kachin, ọmọ onílẹ̀, sì ń mú wọn mọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ Yorùbá kan kí n tó kúrò ní Bọ́má. Kì í ṣe Chindit, ṣùgbọ́n ìpín 81 kan náà ló wà, ní àfonífojì Kaladan, níbi tí bàálù ti ń bọ́ àwọn náà. Isaac Fadoyebo lorúkọ rẹ̀, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni wọ́n sì fi í sí. Ní oṣù kẹta 1944, Jàpáànù ká wọn mọ́ létí odò, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú. Ọta fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló kù, wọn kò lè lọ síbì kankan. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, Shuyiman, rí wọn. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tó yá, ó kó wọn wọ ilé ara rẹ̀, láàárín ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, nígbà tí Jàpáànù ń rìn káàkiri àdúgbò. Oṣù mẹ́sàn-án! Bí wọ́n bá rí wọn níbẹ̀, gbogbo ilé ni wọn ì bá pa. Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó dàgbà, ó sì kú ní 2012. Títí tó fi kú, kò gbàgbé orúkọ Shuyiman.

Lẹ́yìn ogun

Èyí kò ní gùn. Wọ́n tú SAS ká ní oṣù kẹwàá 1945. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun kò tilẹ̀ fẹ́ràn wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún dá orúkọ náà padà, Calvert tó jà ní White City ló sì kó ikọ̀ tuntun jọ fún ogun Malaya ní 1950.

Àwọn tiwa ńkọ́? Wọ́n padà wálé. Owó oṣù wọn nígbà ogun kò tó ti sójà aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà nínú kòtò kan náà. Orúkọ tó ti ogun yẹn wá wà níwájú wa lójoojúmọ́ lára bárékè sójà: Dodan ní Èkó, Arakan ní Àpápá, Letmauk ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, Chindit ní Zaria. Ilẹ̀ Bọ́má ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí ti wá, a sì ń sọ wọ́n fún ọlọ́kadà láìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ àpótí bàbá bàbá yín wò. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ idẹ onígun mẹ́fà tí aṣọ rẹ̀ ní pupa fífẹ̀ láàárín, àwọ̀ aró lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ìlà ọsàn tín-ín-rín, àmì ẹ̀yẹ Bọ́má nìyẹn, ẹ má tà á. Bí ẹ bá rí aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ yẹ́lò, ìpín 81 ló wà. Bí ẹ bá rí ẹranko bíi kìnnìún lórí aṣọ búlúù, tàbí tí ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sọ pé bàtálíọ́nù ìkẹfà, ìkeje tàbí ìkejìlá ti Nàìjíríà ló wà ní 1944, Chindit ni bàbá yín. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò náà. Bí arúgbó kan bá ṣì wà nílé tó rántí ohun tó sọ, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Alága, mo ti ṣetán láti gba ìbéèrè.